Báwo Ni Aago Onírin Ṣe Ń Mọ̀ Pé Oṣù Fẹ́búárì Ti Parí?

  Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. A kàn tún un tò díẹ̀ kó lè rọ ojú lọ́rùn ni.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Tí oṣù Fẹ́búárì bá pé ọjọ́ 28, ta ló sọ fún fóònù yín pé ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ 29? Ẹ lè sọ pé, "Fóònù ni, ó mọ̀ ọ́n." Ó dáa. Àmọ́ aago kan wà tí kò ní bátìrì, tí kò ní síìmù, tí kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Irin, idẹ àti igi ni gbogbo ara rẹ̀. Ó ti wà láti ìgbà tí àwọn bàbá ńlá wa ò tíì mọ iná mànàmáná. Bí ọjọ́ 28 oṣù Fẹ́búárì bá ṣú, tó di ọ̀gànjọ́ òru, ọwọ́ aago náà á fo 29, á fo 30, á fo 31, á wá balẹ̀ sórí 1. Lọ́dún tí Fẹ́búárì bá ní ọjọ́ 29, kò ní fo 29. Ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án.

Báwo ló ṣe mọ̀? Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá sì ní aago ọwọ́ tó ń fi déètì hàn, ẹ má tíì lọ o. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó lè kó yín sí gbèsè àtúnṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, a ó sọ ọ́.

Yíyí méjì, ọjọ́ kan

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nínú aago onírin, sípíríǹgì tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ká, tàbí irin wíwúwo tí wọ́n so rọ̀, ló ń pèsè agbára. Agbára yẹn ń gba inú àwọn gíà kọjá, ìyẹn àwọn àwo idẹ eléyín tó ń ti ara wọn. Nǹkan kan tó ń mì síwá sẹ́yìn ló ń tú agbára náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, kó má bàa tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró tí ẹ máa ń gbọ́ nídìí aago ògiri nìyẹn: gbogbo ìgbà tó bá dún, gíà ti sún síwájú díẹ̀.

Ọwọ́ tó ń tọ́ka sí wákàtí máa ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 12. Ìṣòro àkọ́kọ́ ti dé nìyẹn. Wákàtí 24 ló wà nínú ọjọ́ kan. Tí ẹ bá so déètì mọ́ ọwọ́ yìí tààrà, déètì á yí ní ọ̀gànjọ́ òru, á tún yí ní ọ̀sán gangan. Ọ̀sẹ̀ kan á wá di ọjọ́ 14.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ oníṣéènì rí á ti mọ̀ pé tí gíà kékeré bá ń yí gíà ńlá, gíà ńlá máa ń lọ́ra jù ú lọ. Torí náà, wọ́n mú gíà kan tí eyín rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti gíà tó wà nídìí ọwọ́ wákàtí. Tí ti ọwọ́ wákàtí bá ní eyín 30, èkejì á ní 60. Bí àkọ́kọ́ bá yípo lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á yípo lẹ́ẹ̀kan. A ti rí gíà tó ń yípo lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ nìyẹn.

Ẹ dán èyí wò lórí aago tiyín. Tí déètì rẹ̀ bá ń yí ní aago méjìlá ọ̀sán, aago náà ò bàjẹ́. Ẹni tó sún un ló gbé e sí ọ̀sán nígbà tó yẹ kó gbé e sí òru. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú ní wákàtí 12, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Eyín mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ní etí gíà olójọ́ kan yẹn, wọ́n fi irin kékeré kan sí i tó yọ síta bí ìka ọwọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwo mìíràn wà tó ní eyín 31. Bí ọjọ́ kan ṣe ń yí lọ, ìka yìí ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ tuntun mọ́, á kan eyín kan, á tì í síwájú, á sì kọjá lọ. Ó di ọ̀la kó tó tún padà wá. Àwo náà ló ń gbé ọwọ́ tó ń tọ́ka sí déètì, tàbí òrùka tí wọ́n kọ 1 sí 31 sí lára, tí ẹ máa ń rí láti ojú fèrèsé kékeré.

Àmọ́ kí ni kò jẹ́ kí àwo náà máa yí kiri fúnra rẹ̀, tàbí kó dúró sí àárín 7 àti 8? Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí sípíríǹgì ń tì ló wà níbẹ̀, imú rẹ̀ wọ àárín eyín méjì. Bí ìka bá ti eyín kan, imú irin yìí á gun orí eyín náà, tó bá ti dé ṣóńṣó, sípíríǹgì á jù ú sínú àyè tó kàn. Ìdí nìyẹn tí déètì ṣe máa ń lọ́ra fún ìgbà díẹ̀, tó kàn ṣàdédé fò gbàì. Ìka ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sípíríǹgì ló parí rẹ̀.

Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ náà ò yàtọ̀, àwo eléyín 7 ni wọ́n lò. Iye eyín kì í ṣe òfin ayé o, ohun tí àwọn èèyàn bá fẹnu kò sí ni. Ọ̀sẹ̀ tiwa nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Síbẹ̀, a ń pe ọjà tó ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ní ọjà ọrọọrún, torí a máa ń ka ọjọ́ tí a wà lónìí mọ́ ọn. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe aago tó ń fi ọjọ́ ọjà hàn, tó gbọ́ "ọrún," tó wá gé eyín márùn-ún, aago rẹ̀ á ti ṣìnà kí oṣù tó parí. Mẹ́rin ni eyín tó yẹ kó gé. Irin ò mọ bí a ṣe ń fi ẹnu kà, iye tí ẹ bá gé ló máa kà.

Wákàtí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan déètì

Ọ̀rọ̀ owó tí mo ṣèlérí rẹ̀ nìyí. Ẹ rántí ìka tó ń wọ eyín láti tì í. Kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ló fi ń ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ aago ọwọ́, ó lè ti wọ eyín láti bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó má tíì jáde pátápátá títí di bí aago mẹ́ta òru. Láàárín àkókò yìí, àwo déètì àti gíà ọjọ́ ti fara kọ́ ara wọn.

Wàyí o, ẹ délé láago mẹ́wàá alẹ́, ẹ rí i pé déètì aago yín ò tọ̀nà, ẹ fa bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ sì yí i kíá kí déètì lè bọ́ sí bó ṣe yẹ. Ẹ̀ ń fi agbára ti àwo tí ìka irin ti dì mú. Eyín tí kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ lè kán níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, déètì á máa dúró nígbà tó yẹ kó rìn, tàbí kó di agbedeméjì. Àwọn aago kan wà tí wọ́n ti fi ààbò sí fún irú èyí, ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè sọ èyí tó ní in àti èyí tí kò ní.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ aago síwájú títí déètì á fi yí, kí ẹ lè mọ̀ pé òru lẹ wà. Ẹ tún yí i síwájú dé aago mẹ́fà àárọ̀, ìka ti kúrò lára eyín nìyẹn. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá yí déètì sí ti àná. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ wákàtí síwájú kọjá ọ̀gànjọ́ òru kí déètì òní lè fúnra rẹ̀ jáde, ẹ sì máa yí i lọ dé àkókò tí ẹ wà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán tàbí alẹ́ ni, ẹ rí i pé ọwọ́ náà ti kọjá aago méjìlá ọ̀sán.

Oṣù márùn-ún tó ń da ìṣirò rú

Àwo eléyín 31 ò mọ̀ ju 31 lọ. Oṣù méje ló bá a mu láàárín ọdún. Àmọ́ Épírì, Júùnù, Sẹ̀tẹ́ńbà àti Nòfẹ́ńbà jẹ́ ọjọ́ 30. Fẹ́búárì sì jẹ́ 28, tàbí 29 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ tó wọ́pọ̀ fi máa ń fi 31 hàn ní ọjọ́ kìíní oṣù Méè. Kò bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́dún ni olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí ilé iṣẹ́, báńkì àti ọ́fíìsì ń kọ déètì sórí gbogbo ìwé, àṣìṣe ọjọ́ kan lórí ìwé gbèsè tàbí ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ìlú Ithaca, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry B. Horton gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irinṣẹ́ kàlẹ́ńdà tirẹ̀ ní 1865. Ní 1868, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Ithaca Calendar Clock Company sílẹ̀ láti máa ṣe é tà. Ojú méjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago wọn ní. Ojú òkè ń sọ wákàtí. Lójú ìsàlẹ̀, wọ́n kọ 1 sí 31 yí etí rẹ̀ ká, ọwọ́ kan ń tọ́ka sí déètì, orúkọ ọjọ́ àti orúkọ oṣù sì ń hàn láti ojú fèrèsé méjì, lára igi róbótó tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ oṣù kúkúrú, ó mọ oṣù gígùn, ó tún mọ ọdún tí Fẹ́búárì ń gba ọjọ́ 29.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Aago àpò tí a mọ̀ pé ó pẹ́ jù tó ní irú ọgbọ́n yìí ni èyí tí Thomas Mudge ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1762. Ṣùgbọ́n ti Mudge jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún olówó. Àwọn ará Ithaca ló gbé e wá sára ògiri ọ́fíìsì àti pálọ̀.

Àwo tó ń rántí

Ó dáa, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni iyọ̀ ọ̀rọ̀ wà. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn oníṣẹ́ aago gbà ṣe é. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú aago ọwọ́ àti aago àpò ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ fojú inú wo àwo irin róbótó kan tó ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin, ìyẹn oṣù 48. Wọ́n pín etí rẹ̀ sí ọ̀nà 48, oṣù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Níbi oṣù ọlọ́jọ́ 31, etí àwo ga bó ṣe wà. Níbi oṣù ọlọ́jọ́ 30, wọ́n gé kòtò kékeré sí i. Níbi Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 28, wọ́n gé kòtò tó jìn gan-an. Níbi Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 29, kòtò náà jìn, àmọ́ kò jìn tó ti 28. Ẹ bá mi kà á: oṣù ọlọ́jọ́ 31 jẹ́ 28 láàárín ọdún mẹ́rin, ọlọ́jọ́ 30 jẹ́ 16, Fẹ́búárì jẹ́ 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Kòtò 20 ló wà lára àwo náà, kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́rin sì pé síbẹ̀.

Apá irin gígùn kan wà tí imú rẹ̀ ń sinmi lé etí àwo yìí. Lójoojúmọ́, apá yìí máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, á sì padà síwájú láti ti déètì. Bí oṣù bá jẹ́ ọlọ́jọ́ 31, imú rẹ̀ ò ríbi kó sí, torí náà kò lè fà sẹ́yìn púpọ̀. Bó bá jẹ́ Fẹ́búárì, imú rẹ̀ á rì sínú kòtò jíjìn, apá náà á wá fà sẹ́yìn gan-an. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Lára apá yẹn, èèkánná irin méjì ló wà. Ọ̀kan ń ti eyín kan lóòjọ́, iṣẹ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì ń yọ̀ lórí irin kan tó ń bá àwo déètì yí, irin náà sì rí bí ìkarahun ìgbín: ó ń dán lọ, ó ń dán lọ, títí ó fi kan ibi kan tó gé bí àtẹ̀gùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, èèkánná kejì yìí ò rí nǹkan kan dì mú. Tó bá di ìparí oṣù, àtẹ̀gùn yẹn á máa sún mọ́ ọn. Tí apá irin bá fà sẹ́yìn púpọ̀, ọwọ́ èèkánná á tó àtẹ̀gùn náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á dì í mú, á sì gbá a síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá di báyìí. Láti 31 sí 1, eyín kan ni wọ́n máa tì. Láti 30, eyín méjì. Láti 29, eyín mẹ́ta. Láti 28, eyín mẹ́rin: 29, 30, 31, kó tó kan 1. Bí kòtò ṣe jìn sí ni ìfò ṣe máa gùn tó. Bí déètì bá sì ti kọjá sí 1, á ti àwo oṣù síwájú ní ìdá kan nínú 48, imú apá irin á wá bá oṣù tuntun lábẹ́ rẹ̀.

Kò sí ìṣirò kankan tí aago yìí ń ṣe o. Kò ka nǹkan kan. Ẹnì kan ló jókòó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, tó fi fáìlì gé ìdáhùn rẹ̀ sára irin. Aago kàn ń fi ìka tọ ojú gígé náà ni, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Àwọn kan ò fẹ́ ẹ́ tó báyẹn. Ní 1996, Patek Philippe ti ilẹ̀ Switzerland gbé aago ọwọ́ kan jáde tó mọ oṣù ọlọ́jọ́ 30 àti 31, àmọ́ tí kò mọ Fẹ́búárì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ẹ máa tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló ṣe aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó mọ gbogbo rẹ̀, ní 1925. Ní 1985, Kurt Klaus ti ilé iṣẹ́ IWC ṣe èyí tí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lè yí gbogbo déètì rẹ̀ pọ̀, tó sì ń fi ọdún hàn ní nọ́ńbà mẹ́rin. Ewu kan bá èyí wá. Tí ẹ bá fi ìkánjú yí i kọjá ọjọ́ tó yẹ, kò ní ṣeé yí padà sẹ́yìn. Ẹ máa dá a dúró ni, kí ọjọ́ ó wá bá a.

Ọdún 2100 ń bọ̀

Ṣé aago yìí kì í wá ṣìnà rárá? Ó máa ń ṣìnà. Ẹ̀bi irin sì kọ́.

Ọdún kan gan-an jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 365 àti wákàtí 5, ìṣẹ́jú 48 àti ìṣẹ́jú àáyá 45. Julius Caesar kà á sí ọjọ́ 365 àti wákàtí 6, ó ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 11 ló fi lé e lọ́dọọdún. Ìṣẹ́jú 11 ò jọ nǹkan kan, àmọ́ nígbà tó fi di 1582, ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá. Póòpù Gregory XIII ní kí wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́wàá: ọjọ́ tó tẹ̀lé 4 oṣù Ọkítóbà ọdún yẹn ni 15 oṣù Ọkítóbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ jálẹ̀ títí di 1752 kí wọ́n tó gbà, wọ́n sùn ní 2 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, wọ́n jí ní 14. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Mudge ṣe aago rẹ̀.

Òfin tuntun náà ni pé ọdún tó bá parí ọgọ́rùn-ún, bí 1700, 1800 àti 1900, kò ní gba ọjọ́ 29 ní Fẹ́búárì, àfi tí ẹ bá lè fi 400 pín in. Ìdí nìyẹn tí 2000 fi gbà á, tí 1900 ò gbà á, tí 2100 náà ò sì ní gbà á.

Àwo oṣù 48 ò gbọ́ òfin yìí rí. Mẹ́rin-mẹ́rin ló mọ̀. Àwọn aago Ithaca tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1900 á ti kan ìṣòro yìí rí: wọ́n fi 29 oṣù Fẹ́búárì hàn lọ́jọ́ tí gbogbo ayé wà ní 1 oṣù Máàṣì, àfi tí ẹnì kan bá dìde fi ọwọ́ sún un. Ní 2000, òfin bá wọn mu, wọ́n kọjá láìfarapa. Ní 2100, á tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lónìí lè wà láyé nígbà náà. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n máa sún síwájú, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ rántí.

Àwọn tó fẹ́ yanjú èyí wà. Nínú kàtídírà Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Baptiste Schwilgué parí aago ńlá kan ní 1842. Gíà rẹ̀ mọ òfin ọgọ́rùn-ún ọdún àti ti irínwó. Ní ọ̀gànjọ́ òru tí ọdún bá fẹ́ yí padà, apá kan nínú rẹ̀ á dìde, á ṣírò ọjọ́ Àjíǹde ọdún tuntun, láìsí iná, láìsí kọ̀ǹpútà.

Òṣùpá náà ní ìjà tirẹ̀. Láti oṣù tuntun sí oṣù tuntun jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Kò sí bí a ṣe máa gé ààbọ̀ eyín, torí náà wọ́n gé eyín 59, wọ́n ya òṣùpá méjì sórí àwo kan. Ó kù díẹ̀ kó pé: ìṣẹ́jú 44 ló ń sọnù lóṣooṣù, tó ń di ọjọ́ kan ní nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù méje. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ má fi aago rọ́pò wíwo ojú ọ̀run o.

Fóònù yín náà ńkọ́?

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí aago onírin. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ń ka àkókò nípa kíka ìṣẹ́jú àáyá láti 1 oṣù Jánúárì 1970. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fi bíìtì 32 kà á ò ní àyè mọ́ lẹ́yìn 19 oṣù Jánúárì 2038. Tí a ò bá tún wọn ṣe, wọ́n lè fò padà sí oṣù Dìsẹ́ńbà 1901. Fóònù tuntun ti ń lo bíìtì 64, kò sí ewu níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ti kàn mọ́ ara ògiri, tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́, ni ká bẹ̀rù. Excel náà gbà títí dòní pé 29 oṣù Fẹ́búárì 1900 wà, torí ó tẹ̀lé àṣìṣe ètò kan tó ṣáájú rẹ̀. Àṣìṣe kan náà gan-an ni pẹ̀lú ti àwo oṣù 48.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a lè ṣí ẹ̀yìn aago, ká fi ojú rí ibi tí ìpinnu náà wà. Ẹ lè nàka sí kòtò kan kẹ ní, "Fẹ́búárì rèé." A ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí fóònù. Ẹni tó bá ṣe ètò inú rẹ̀ la gbà gbọ́.

Torí náà, tí aago kàlẹ́ńdà onírin bá wà nílé yín, bóyá èyí tí wọ́n jogún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kọjá ọ̀gànjọ́ òru. Tó bá ti dúró fún ọdún pípẹ́, ẹ má fi ipá sún déètì rẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago tó lè ṣí i níṣojú yín, kẹ ní kó fi àwo oṣù hàn yín. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí Fẹ́búárì wà lára rẹ̀, ẹ má fi aago yẹn sílẹ̀ fún un.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń yí déètì aago rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́, kí ẹ bá a fi owó pamọ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.